Lẹ́yìn 1.c4 c5: Ìfiwéra Ọ̀nà Mẹ́rin tí Dúdú Lè Gbà Ta Ìṣíde Gẹ̀ẹ́sì Onídọ́gba

Bí ẹni tó ń ta funfun nínú ṣẹ́ẹ̀sì bá ti ọmọ-ogun rẹ̀ sí c4 ní ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́, tí ẹni tó ń ta dúdú náà sì ti tirẹ̀ sí c5, ìhà méjèèjì pátákó yóò jọ ara wọn bí ojú ṣe ń jọ àwòrán rẹ̀ nínú dígí. Ìṣíde Gẹ̀ẹ́sì Onídọ́gba nìyí. Ọ̀dọ̀ Howard Staunton, ará Ìlú Ọba, ni orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ti wá, nítorí pé ó lo 1.c4 nínú ìfigagbága rẹ̀ pẹ̀lú Pierre Saint-Amant ní Paris ní ọdún 1843. Nínú atọ́ka àwọn ìṣíde tí àwọn aláṣẹ́ẹ̀sì ń lò káàkiri ayé, A10 dé A39 ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún 1.c4, A30 dé A39 sì ni ti ìgbà tí Dúdú bá fi 1...c5 dáhùn.

Ẹni tí ó ti mọ bí a ṣe ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, tí ó ń múra ìdíje, tí ó sì fẹ́ yan ọ̀nà kan tí yóò kọ́ dé gbòǹgbò ni mo kọ ìfiwéra yìí fún. Lẹ́tà tí a fi ń kọ ìgbésẹ̀ sílẹ̀ níbi gbogbo ni n óò lò: K fún ọba, Q fún ayaba, R fún ilé-ìṣọ́, B fún bíṣọ́ọ̀bù, N fún ẹṣin, ọmọ-ogun kò sì ní lẹ́tà, O-O ni kí ọba ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ kúkúrú fún ààbò, x túmọ̀ sí pé a mú ohun ìjà alátakò, + sì túmọ̀ sí pé a kọlu ọba; àmì tótó mẹ́ta (...) ṣáájú ìgbésẹ̀ ń fi hàn pé Dúdú ló ta á.

Kò yẹ kí ó ya àwa tí a mọ ayò ọlọ́pọ́n lẹ́nu pé ìdọ́gba kì í ṣe ààbò. Ojúlé mẹ́fà mẹ́fà ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan ọpọ́n, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin ni a ń kó sí ojúlé kọ̀ọ̀kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ọ̀ta a máa pa òpè ní àpatúnpa. Nínú Gẹ̀ẹ́sì Onídọ́gba, Funfun fi ìgbésẹ̀ kan ṣíwájú Dúdú, nítorí náà Dúdú tí ó bá kàn ń ṣe ohun tí alátakò rẹ̀ ṣe yóò dé ibi tí àfarawé náà yóò ti di ìpalára fún un. Ohun tí ó yẹ kí ẹni tó fẹ́ yan ọ̀nà bi ara rẹ̀ léèrè ni ibi tí ó fẹ́ kí òun àti alátakò òun ti pínyà, àti ẹni tí yóò kọ́kọ́ yà nínú àwọn méjèèjì. Ìdáhùn mẹ́rin tí mo mọ̀ sí ìbéèrè náà ni mo fẹ́ gbé sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

Ọ̀nà kìn-ín-ní: kí a jọ rìn títí dé d4

Níhìn-ín Dúdú ń tẹ̀lé Funfun fún ìgbésẹ̀ mẹ́fà gbáko: 1.c4 c5 2.Nc3 Nc6 3.g3 g6 4.Bg2 Bg7 5.Nf3 Nf6 6.O-O O-O. Ní ìgbésẹ̀ keje Funfun yóò ti 7.d4, Dúdú yóò sì fi àfarawé sílẹ̀ pẹ̀lú 7...cxd4. Lẹ́yìn 8.Nxd4 Nxd4 9.Qxd4 d6, ẹṣin kan ti kúrò lọ́wọ́ oníkálukú, òpó d ṣí sílẹ̀ níwájú ilé-ìṣọ́ Funfun, òpó c sì ṣí sílẹ̀ níwájú ilé-ìṣọ́ Dúdú. Ayaba tó wà ní d4 kò lè pẹ́ níbẹ̀, nítorí pé bíṣọ́ọ̀bù g7 ń wò ó láti ẹ̀yìn ẹṣin f6. Ìdí nìyí tí Funfun fi sábà máa ń gbé e lọ sí d3. Èrò Dúdú kò ṣòroó rántí: yóò ti ...a6, yóò gbé ilé-ìṣọ́ lọ sí b8, yóò sì wá ti ...b5 láti já ọmọ-ogun c4 tí ó ń fún àárín pátákó mọ́ ọn lọ́wọ́.

Nínú ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, èyí ni ó yá láti kọ́ jù. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà àkọ́kọ́ kò gba ìrònú, ibi ààbò sì ni ọba wà. Ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé kò léwu, eré kẹjọ nínú ìfigagbága Bobby Fischer àti Boris Spassky fún adé ayé ni mo máa ń gbé síwájú rẹ̀. Reykjavik ni wọ́n ti ta á, ní ọjọ́ 27 oṣù Keje ọdún 1972. Gbogbo ayé mọ Fischer sí ẹni tí í fi 1.e4 bẹ̀rẹ̀ eré rẹ̀, àfi ìgbà díẹ̀. Nínú ìfigagbága yìí, eré kẹfà ni ó ti kọ́kọ́ lo 1.c4, tí eré náà sì yí padà di ìṣíde ọmọ-ogun ayaba. Ní eré kẹjọ ó tún lò ó, Spassky dá a lóhùn pẹ̀lú 1...c5, wọ́n sì jọ rìn dé 9.Qxd4 d6 gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ ọ́ sókè yìí.

Kò sí ohun tó burú nínú ipò Spassky títí di ìgbà náà. Fischer kò gbé ayaba lọ sí d3; ó ta 10.Bg5, eré sì tẹ̀síwájú báyìí: 10...Be6 11.Qf4 Qa5 12.Rac1 Rab8 13.b3 Rfc8 14.Qd2 a6 15.Be3. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ to ipò náà sórí pátákó yín kí ẹ tó ka ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Dúdú ti ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀ tí ìwé ń kọ́ni, ó wá ti 15...b5, ìgbésẹ̀ tí gbogbo ètò rẹ̀ ti ń wá láti ìbẹ̀rẹ̀. Fischer dáhùn pẹ̀lú 16.Ba7. Ojúlé a7 ti ṣófo nítorí pé ọmọ-ogun ibẹ̀ ti lọ sí a6, bíṣọ́ọ̀bù tó wọ ibẹ̀ sì ń kọlu ilé-ìṣọ́ tó wà ní b8. Ilé-ìṣọ́ náà kò rí ibi sá sí: bíṣọ́ọ̀bù g2 ń wo a8 àti b7 láti orí ìlà gígùn tó dábùú pátákó láti h1 dé a8, bíṣọ́ọ̀bù a7 fúnra rẹ̀ ń ṣọ́ b6, ilé-ìṣọ́ kejì Dúdú sì ti dí c8. Spassky pàdánù ilé-ìṣọ́ fún bíṣọ́ọ̀bù. Ó rí ọmọ-ogun kan gbà pẹ̀lú 16...bxc4 17.Bxb8 Rxb8 18.bxc4 Bxc4, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 19.Rfd1 ó ta 19...Nd7, Fischer sì dé pẹ̀lú 20.Nd5. Lẹ́yìn 20...Qxd2 21.Nxe7+ Kf8 22.Rxd2 Kxe7 23.Rxc4, ọmọ-ogun náà tún ti bọ́. Ní ìgbésẹ̀ 37 Spassky jọ̀wọ́ eré, Fischer sì ń ṣíwájú pẹ̀lú àmì 5 sí 3.

Ìtò kan náà, ọmọ-ogun iye kan náà, ẹni tó wà lórí adé ayé ni ó sì ń ta dúdú. Àṣìṣe Spassky kò wá láti inú ìṣíde náà rárá, nítorí pé ...b5 ni ètò tó tọ́ fún Dúdú nínú ọ̀nà yìí. Àkókò rẹ̀ ni ó ṣì. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá yan ọ̀nà kìn-ín-ní pé kí ó máa bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan kí ó tó ti ...b5: níbo ni bíṣọ́ọ̀bù Funfun méjèèjì ń wò? Bí ìkan bá ń wo a8, tí èkejì sì lè fò dé a7, kí ó kọ́kọ́ gbé ilé-ìṣọ́ kúrò ní b8.

Èmi náà ta ọ̀nà yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ohun tó mú mi fi í sílẹ̀ ni pé nígbà tí mi ò bá ṣe àṣìṣe kankan pàápàá, ìparí eré tí mo máa ń bá ara mi nínú rẹ̀ jẹ́ èyí tí Funfun ní àyè díẹ̀ jù mí lọ, tí mo sì ní láti máa dáàbò bò fún wákàtí méjì kí n tó rí ọ̀mì gbà. Ẹni tó ní sùúrù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò rí ọ̀mì púpọ̀ gbà. Èmi kò ní in.

Ọ̀nà kejì: kí Dúdú fúnra rẹ̀ já ìdọ́gba náà pẹ̀lú d5

Orúkọ Akiba Rubinstein, ọmọ Pólàǹdì, ni ọ̀nà yìí ń jẹ́: 1.c4 c5 2.Nc3 Nf6 3.g3 d5 4.cxd5 Nxd5 5.Bg2 Nc7. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí lè rò pé ẹṣin ń sá fún ìkọlù. Ó ń sá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń sá sí ibi tó dára, nítorí pé lẹ́yìn ...Nc6 àti ...e5, ọmọ-ogun c5 àti e5 yóò jọ di ojúlé d4 mú, Funfun kò sì ní rí àyè ti ọmọ-ogun d rẹ̀ kọjá d3. Bí Funfun bá fi ọmọ-ogun sí c4 àti e4 láti fi há Dúdú mọ́, ìdè Maroczy ni a ń pè é, láti ara orúkọ aláṣẹ́ẹ̀sì ará Hungary kan. Nínú ọ̀nà Rubinstein, Dúdú ni ó gba okùn ìdè náà lọ́wọ́ Funfun.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà kìn-ín-ní hàn kedere. Níbẹ̀, Funfun ló ní àyè, Dúdú ló ń wá bí yóò ṣe mí. Níhìn-ín, Dúdú ló ní àyè, Funfun ló ní láti wá nǹkan ṣe sí i, ó sì ní ohun tí yóò ṣe. Lẹ́yìn 6.Nf3 Nc6 7.O-O e5 8.d3 Be7 9.Nd2, ọ̀nà ti ṣí sílẹ̀ fún bíṣọ́ọ̀bù g2 dé c6, ẹṣin tó kúrò ní f3 sì ń lọ sí c4 láti kọlu ọmọ-ogun e5. Bí Dúdú bá ta 9...Bd7, tí Funfun ta 10.Nc4, ibi tí a ó ti mọ irú ẹni tí Dúdú jẹ́ nìyẹn. Ó lè ta 10...O-O, kí ó sì jẹ́ kí Funfun mú ọmọ-ogun e5 pẹ̀lú 11.Bxc6 Bxc6 12.Nxe5 Be8. Ọmọ-ogun kan ti dín ní ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ méjèèjì wà láàyè, bíṣọ́ọ̀bù tó sì ń dáàbò bo ọba Funfun ti kúrò lórí pátákó. Àwọn ojúlé funfun tó yí ọba náà ká ti di ẹnu ọ̀nà tí kò ní olùṣọ́. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ nígbà tí ọmọ-ogun rẹ̀ bá dín lè fi 10...f6 ṣọ́ e5, kí ó sì mọ̀ pé Funfun yóò ti f4 láti fọ́ àárín náà.

Ọ̀nà kejì gba ìmọ̀ ju ọ̀nà kìn-ín-ní lọ, nítorí pé àkókò tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan yẹ kí ó wáyé ṣe pàtàkì níbẹ̀, ẹni tó bá sì gbàgbé ìgbésẹ̀ kan lè pàdánù e5 lásán. Èrè rẹ̀ ni pé Dúdú ń ta eré láti ṣẹ́gun, kò dúró de kí Funfun ṣe àṣìṣe.

Ọ̀nà kẹta: Òòrẹ̀

Àwọn ará Yúróòpù fi ẹranko ẹlẹ́gùn-ún kékeré kan sọ ìtò yìí lórúkọ. Òòrẹ̀ ni ó sún mọ́ ọn jù nínú igbó tiwa, mo sì rò pé òòrẹ̀ bá a mu jù pàápàá. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ nìyí: 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.g3 b6 4.Bg2 Bb7 5.O-O e6 6.Nc3 Be7 7.d4 cxd4 8.Qxd4 d6. Lẹ́yìn èyí Dúdú yóò ti ...a6, yóò gbé ẹṣin kejì sí d7, ayaba sí c7 tàbí b8, ilé-ìṣọ́ sí c8 àti e8. Ọmọ-ogun rẹ̀ tó wà ní a6, b6, d6 àti e6 ni ẹ̀gún ara òòrẹ̀ náà: wọn kò rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ẹṣin Funfun kankan kò lè bà sí b5, c5, d5 tàbí e5 láìjẹ́ pé ọmọ-ogun gún un.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ayaba ni Funfun fi mú ọmọ-ogun d4 ní ìgbésẹ̀ kẹjọ. Bí ó bá fi ẹṣin mú un, f3 yóò ṣófo, bíṣọ́ọ̀bù b7 àti g2 yóò kojú ara wọn, wọn yóò sì kúrò lórí pátákó papọ̀. Pàṣípààrọ̀ bẹ́ẹ̀ dára fún Dúdú, nítorí pé inú ilé tóóró ni ó wà, ẹni tó wà nínú ilé tóóró sì ń fẹ́ kí ènìyàn dín níbẹ̀. Àwọn Funfun kan mọ èyí, wọ́n á sì ta 7.Re1 ṣáájú, kí wọ́n lè kọ́kọ́ ti e4 láti dí ìlà náà, kí d4 tó tẹ̀ lé e. Nígbà náà ẹṣin lè mú ọmọ-ogun d4 láìsí pàṣípààrọ̀. Ìdáhùn tí mo fẹ́ràn jù sí 7.Re1 ni 7...d5, nítorí pé ó tètè bi Funfun ní ìbéèrè ní àárín pátákó kí e4 tó dé.

Funfun ní àyè púpọ̀ nínú ìtò yìí. Bí ẹ bá fi kọ̀ǹpútà wo ipò náà, yóò fi nọ́ńbà sọ fún yín pé Funfun ń ṣíwájú, ẹni tó bá sì gbé ìpinnu rẹ̀ ka orí nọ́ńbà yẹn nìkan kò ní yan Òòrẹ̀ láéláé. Mo rò pé àṣìṣe ni. Ohun tí nọ́ńbà náà kò lè fi hàn ni bí ó ti ṣòro tó fún ènìyàn láti mọ ohun tí yóò ṣe pẹ̀lú àyè náà. Funfun kò lè dúró lásán, bẹ́ẹ̀ ni ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan tí ó bá gbé lè ṣí ibì kan sílẹ̀ fún ...b5 tàbí ...d5, ìgbésẹ̀ méjì tí gbogbo ara Òòrẹ̀ ń dúró dè. Bí ...d5 bá wọlé ní àkókò rẹ̀, àwọn ohun ìjà Dúdú tó ti ká sẹ́yìn yóò jáde lẹ́ẹ̀kan náà bí omi tó ya bèbè. Ní Olympiad, ìdíje ṣẹ́ẹ̀sì láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, tí wọ́n ṣe ní Lucerne ní ọdún 1982, Ljubomir Ftacnik fi Òòrẹ̀ borí Lev Polugaevsky nínú eré tí àwọn olùkọ́ ṣẹ́ẹ̀sì ṣì ń fi kọ́ni di òní.

Ọgbọ́n kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹni tó bá yan Òòrẹ̀ mọ̀. Ní Siegen ní ọdún 1970, Fischer ta eré ìfihàn kan pẹ̀lú Ulf Andersson, ó sì to ọmọ-ogun rẹ̀ bí Òòrẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé funfun ni ó ń ta. Nígbà tí àárín pátákó ti dúró, ó gbé ọba lọ sí h1, ó gbé ilé-ìṣọ́ lọ sí g1, ó sì ti g4 láti bẹ̀rẹ̀ ìkọlù níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti retí rẹ̀; ó borí. Dúdú náà lè ṣe é: ...Kh8, ...Rg8, ...g5. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó yẹ, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ ọ́n kò ní sọ mọ́ pé Òòrẹ̀ kò lè bu ni jẹ.

Bí a bá gbé Òòrẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kejì, ìwà ènìyàn ni ó máa ń pín wọn ju agbára lọ. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè yé òun, kí ó rí àárín pátákó gbà kí ó sì di í mú, ọ̀nà Rubinstein ni tirẹ̀. Ẹni tó lè jókòó fún ogún ìgbésẹ̀ láìti ọmọ-ogun kankan kọjá ìlà kẹfà, tí ayà rẹ̀ kò sì já, Òòrẹ̀ ni yóò mú un rẹ́rìn-ín.

Ọ̀nà kẹrin: e5

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Lẹ́yìn 1.c4 c5 2.Nc3 Nc6 3.g3 g6 4.Bg2 Bg7 5.Nf3, Dúdú lè ti 5...e5, kí ó gbé ẹṣin sí e7, kí ó ti ...d6, kí ó sì pa àárín pátákó dé. Mikhail Botvinnik, ará Rọ́ṣíà tó ti gba adé ayé rí, ni ó sọ irú ìtò yìí di olókìkí láti ìhà Funfun, pẹ̀lú ọmọ-ogun ní c4, d3 àti e4, ẹṣin kan ní c3, èkejì ní e2. Ihò kan ṣoṣo ni ó ní, ìyẹn d5 tí ọmọ-ogun Dúdú kankan kò lè ṣọ́ mọ́, Funfun yóò sì fẹ́ gbé ẹṣin rẹ̀ gba e1, c2 àti e3 débẹ̀, bí kò bá ti b4 ní ẹ̀gbẹ́ ayaba. Ìkọlù kì í tètè dé, ìgbésẹ̀ tí a ó há sórí kò pọ̀, ẹni tó bá sì mọ ìtò náà lè lò ó láti ìhà méjèèjì. Bí Funfun bá jẹ́ ẹni tó kọ́kọ́ ti 5.e4, ihò náà wà ní d4, Dúdú sì lè gbé ẹṣin f6 rẹ̀ gba e8, c7 àti e6 wọ ibẹ̀.

Ẹni tí iṣẹ́ kò jẹ́ kí ó rí àyè kàwé púpọ̀ ni mo máa ń darí sí ọ̀nà yìí. Kò dára tó ọ̀nà kejì àti ìkẹta fún ẹni tó ń wá ìṣẹ́gun, nítorí pé kò sí ohun tó ń fipá mú Funfun ṣe ìpinnu kankan.

Ìgbésẹ̀ kejì ni ó ń yan fún yín

Ọ̀pọ̀ ìwé máa ń pín ọ̀nà wọ̀nyí sí orí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí òǹkàwé yóò fi rò pé òun lè mú èyíkéyìí tó wù ú nígbàkigbà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ta 2...Nc6 ti yan ọ̀nà kìn-ín-ní tàbí ìkẹrin, nítorí pé Òòrẹ̀ ń fẹ́ kí ẹṣin náà lọ sí d7, ọ̀nà Rubinstein sì ń fẹ́ kí ẹṣin f6 jáde ṣáájú láti gbá ...d5 lẹ́yìn. Ẹni tó bá ta 2...Nf6 ṣì ní ọ̀nà kejì àti ìkẹta lọ́wọ́.

Láàárín méjì yìí, ẹṣin Funfun ni yóò pinnu. Bí Funfun bá ta 2.Nc3 àti 3.g3 láìtíì gbé ẹṣin kejì jáde, Dúdú kò gbọ́dọ̀ ti 3...b6, nítorí pé lẹ́yìn 4.Bg2 bíṣọ́ọ̀bù náà ń wo ilé-ìṣọ́ a8 ní tààrà. Bí Dúdú bá fi 4...Bb7 dí i, 5.Bxb7 yóò gba bíṣọ́ọ̀bù náà lọ́fẹ̀ẹ́, ilé-ìṣọ́ yóò sì tún wà nínú ewu. Ibẹ̀ ni 3...d5 ti dára jù. Ṣùgbọ́n bí Funfun bá kọ́kọ́ ta 2.Nf3, ẹṣin f3 ti dí ìlà bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fúnra rẹ̀, ...b6 sì di ìgbésẹ̀ tí kò léwu. Ní ìdà kejì, bí ẹṣin méjèèjì bá ti jáde sí c3 àti f3 tí Funfun kò sì tíì ti g3, ...d5 kì í dùn mọ́ bẹ́ẹ̀: lẹ́yìn 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.Nc3 d5 4.cxd5 Nxd5, Funfun lè ti 5.e4, àti lẹ́yìn 5...Nb4 6.Bc4 Nd3+ 7.Ke2 Nf4+ 8.Kf1 Ne6, ẹṣin Dúdú kan ti rìn ìgbésẹ̀ mẹ́fà nígbà tí ìyókù ohun ìjà rẹ̀ ṣì ń sùn nílé. Ọba Funfun kò lè lọ síbi ààbò rẹ̀ mọ́ lóòótọ́, àwọn gíráńmásítà, ìyẹn àwọn tó gba oyè gíga jù nínú ṣẹ́ẹ̀sì, sì ń ta á láti ìhà méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ wọ inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti kọ́ ọ wá láti ilé.

Aago, àmì àti alátakò

Nínú ìdíje tí aago rẹ̀ jẹ́ 90 ìṣẹ́jú pẹ̀lú àfikún 30 ìṣẹ́jú-àáyá fún ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, àyè wà láti ronú lórí ọ̀nà kejì, kí a sì wá ibi tí ọmọ-ogun e5 yóò ti bọ́ kí ó tó bọ́. Nínú eré kíákíá ti 15 ìṣẹ́jú, Òòrẹ̀ ni mo gbà yín nímọ̀ràn láti lò, nítorí pé ibi tí ohun ìjà kọ̀ọ̀kan ń lọ kò yí padà, Funfun ni aago yóò sì máa jẹ bí ó ti ń wá ohun tí yóò fi àyè rẹ̀ ṣe.

Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀mì ti tó fún yín ní eré ìkẹyìn, ọ̀nà kìn-ín-ní ní iyì tirẹ̀. Àní bí Funfun bá ta 5.e3 dípò Nf3, Dúdú lè dáhùn pẹ̀lú 5...e6, kí eré lọ báyìí: 6.Nge2 Nge7 7.O-O O-O 8.d4 cxd4 9.Nxd4 d5, ibi tí ohun ìjà púpọ̀ yóò ti kúrò lórí pátákó láìpẹ́. Àmọ́ kí ẹ má ṣe rò pé alátakò tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú c4 fẹ́ ọ̀mì. Ní Seville ní ọdún 1987, Garry Kasparov gbọ́dọ̀ borí Anatoly Karpov ní eré kẹrìnlélógún kí adé má bàa bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. 1.c4 ni ó fi bẹ̀rẹ̀. Karpov kò fi c5 dá a lóhùn, eré náà kò sì di onídọ́gba, ṣùgbọ́n Kasparov tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi borí ní ìgbésẹ̀ 64. Àmì wọn di 12 sí 12, adé sì kù sí ọwọ́ Kasparov. Ẹni tó ń ti ọmọ-ogun ẹ̀gbẹ́ lè ti wá láti bá yín jìjàkadì fún wákàtí mẹ́fà.

Fún ẹni tó ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú ìdíje, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ó fi 2...Nf6 ṣe ìgbésẹ̀ rẹ̀, kí ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta fún Rubinstein, kí ó lo mẹ́ta tó kù fún Òòrẹ̀, nítorí pé èyí tí ìkan kò lè ṣe ni èkejì ń ṣe. Ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó ta ipò tó ń kọ́ láti ìhà Funfun náà. Kò sí ohun tó tètè ń fi hàn ni bí Òòrẹ̀ ti ń yọ Funfun lẹ́nu tó bí kí a jókòó sí ẹ̀yìn àyè tó pọ̀ yẹn kí a má mọ ibi tí a ó gbà. Bí ẹṣin Funfun bá wà ní f3, kí ó ti b6, bí ẹṣin c3 bá sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, kí ó ti e6 ṣáájú b6. Bí c3 nìkan bá ni ẹṣin ti jáde, tí g3 sì ti wà lórí pátákó, d5 ni. Ìgbà kan ṣoṣo tí ètò yìí kò bá mu ni ìgbà tí Funfun bá tètè ti d4 ní ìgbésẹ̀ kẹta, 1.c4 c5 2.Nf3 Nf6 3.d4 cxd4 4.Nxd4, níbẹ̀ kí ó ta 4...e6, kí ó sì ya ìrọ̀lẹ́ méjì sọ́tọ̀ fún un nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà.